Àwọn Ọmọ Inú Yàrá Ìgbálẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó di ẹ̀bi ru ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ló gbọ́n ọgbọ́n agọ̀ náà. Òun ló ń gbálẹ̀ ilé-ìwé, òun ló ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn láàárọ̀. Ìbàdí ló máa ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́, bó bá sì ń bọ̀, ìdí rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́ kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀. Ó ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, ìdí òun ló kúkú tóbi jù lára òun.

Lẹ́tà kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá kà á sókè: àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ti para pọ̀, wọ́n ń bọ̀ wá ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé.

"Ìwádìí kẹ̀?" Ìgbálẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ìwádìí kan ṣoṣo tó mọ̀ láyé rẹ̀ ni èyí tí àwọn ọlọ́pàá wá ṣe lọ́dún tí agogo ilé-ìwé sọnù. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́lé, kí wọ́n tó rí agogo lábẹ́ àga ọ̀gá.

"Ọ̀gá, àwọn tó bá wá ṣe ìwádìí kì í lọ lọ́wọ́ òfo o! Ẹ jẹ́ kí n bá yín kó àwọn tí ò mọ̀wéé kà yẹn pa mọ́."

"Màmá, ìyẹn ò dáa." Ọ̀gá tún lẹ́tà náà kà. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n pariwo."

Mẹ́fà ni wọ́n. Ọmọ ọmọ Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wà nínú wọn, ọmọbìnrin kíláàsì kẹrin tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-ò-Sinmi. Ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ti gbé ìwé síwájú rẹ̀, ẹnu náà á pa dé. Ó ti tó ọdún méjì tí ìyá àgbà rẹ̀ ti ń wá ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́, torí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó kó wọn sí yàrá ìgbálẹ̀, ó há bisikíìtì fún wọn.

"Bojúbojú la fẹ́ ṣe. Ẹni tó bá dákẹ́ jù ló jẹ."

"Ta ló fẹ́ máa wá wa?" Ẹnu-ò-Sinmi béèrè.

"Àwọn àlejò ni. Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" Ó tilẹ̀kùn.

Àlejò méjì ló dé. Ọ̀kan jẹ́ obìnrin tó fi okùn gbé ìgò ojú kọ́rùn, ó sì gbọ́ èdè wa dáadáa. Àwọn ọmọ tó kù ka ìwé geere bí ẹni mumi. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dúró lójú fèrèsé, ó ń nu gíláàsì kan náà láti òwúrọ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Obìnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ò nílò wa rárá. Ibi tí àwọn ọmọ tí ò tíì mọ̀wéé kà wà là ń wá kiri. Ohun tó bá ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè kan là ń gbé lọ sí òmíràn. A máa ń fi olùkọ́ kan ti irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún kan, pẹ̀lú ìwé tiwọn. Ohun tí ìwádìí wa wà fún nìyẹn."

Omi tútù dà sí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ lára. Ọ̀gá tẹrí ba, ó ń tú bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, ó tún ń dè é. Àwọn àlejò ti ń kó báàgì wọn. Bí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bá dákẹ́, wọ́n á lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àmọ́ ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kọ́kọ́rọ́ ìbàdí rẹ̀ sì ń dún woroworo. Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Màmá, ṣé kò sí nǹkan?" ni àlejò obìnrin náà béèrè.

"Ọmọ mi, ẹ dúró." Ohùn rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. "Mẹ́fà wà tí ò mọ̀wéé kà. Mo kó wọn sí yàrá ìgbálẹ̀. Ẹ má bá ọ̀gá wí, orí burúkú tèmi ló tàn án. Mo gbọ́ ìwádìí, mo rò pé ọlọ́pàá ni yín."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n bú u.

"Ẹ lọ kó wọn wá, mà," ni obìnrin náà wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ki kọ́kọ́rọ́ tí kì í ṣe tibẹ̀ bọ ilẹ̀kùn. Nígbà tó ṣí i, eruku ti bo àwọn ọmọ náà, ọ̀kan dé korobá sórí.

"Ṣé wọ́n ti rí wa ni?" Ẹnu-ò-Sinmi béèrè wúyẹ́wúyẹ́.

"Wọ́n ti rí wa."

Ó mú un lọ́wọ́ lọ sí kíláàsì, àwọn márùn-ún yòókù tẹ̀ lé wọn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó, àwọn kan fọwọ́ bo ẹnu. Obìnrin náà rọra gbé ìwé pélébé kan síwájú rẹ̀. Ọmọ náà wo ìwé, ó wo gbogbo ojú tó yí i ká, ó wo kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ìbàdí ìyá àgbà rẹ̀.

"Màmá àgbà," ó ní, "bí mi ò bá mọ èyí kà, ṣé ẹ tún máa tì mí mọ́bẹ̀?"