Orúkọ Tí Kò Wọ Rẹ́jísítà

Ìyá Olórúkọ kò bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Olórúkọ. Àwọn tó ń wá forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀ ló fún un ní ìnagijẹ yẹn, ó sì ti mọ́ ọn lára. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tábìlì rẹ̀ wà, níbi tí fáànù kò ti lè fẹ́ ìwé dànù. Rẹ́jísítà ńlá kan wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú bírò méjì: búlúù fún àwọn ọmọ tó wà láàyè, pupa fún àwọn tí kò ké. Àwọn tí kò ké kì í ní orúkọ. "Ọmọkùnrin" tàbí "ọmọbìnrin" ni wọ́n ń kọ sí wọn, wọ́n á wá fa ìlà sí àyè orúkọ. Òfin ọ́fíìsì ni.

Oǹkọ̀wé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìwé ìfẹ́ ló ń kọ, irú èyí tí àwọn obìnrin ń kà tí ọbẹ̀ fi ń jóná. Ó ti kọ mẹ́tàlélógún. Ẹni tó bá sì rò pé ìfẹ́ ló ṣòro kọ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń tan ara rẹ̀ ni. Ìfẹ́ kò ṣòro rárá: wọ́n á pàdé, wọ́n á jà, òjò á rọ̀, wọ́n á parí ìjà. Orúkọ ni iṣẹ́. Bí orúkọ bá ti wọ́, kò sí òjò tó lè ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n ní òfin tirẹ̀. Orúkọ ọkùnrin tí obìnrin á tìtorí ẹ̀ sunkún kò gbọdọ̀ dún bí orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni. Orúkọ ọmọge gbọ́dọ̀ ṣeé pè jẹ́jẹ́ nínú òkùnkùn. Ti ọ̀dàlẹ̀ ló rọrùn jù, torí ẹni tó bá ṣẹ Ẹ̀gbọ́n lọ́dún yẹn ló ń jẹ́ ẹ. Dókítà eyín kan tó yọ eyín tí kò rà fún un ti kú sómi lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ṣì wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ tó ń yọ eyín lọ. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," Ẹ̀gbọ́n máa ń wí, "ṣùgbọ́n oǹkọ̀wé, ọjà ló ń wò."

Ọ́fíìsì Ìyá Olórúkọ sì ni orísun àwọn orúkọ náà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, á kó orúkọ mẹ́wàá tàbí méjìlá lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tó dùn jù nínú àwọn tó kọ lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èyí tó bá wù Ẹ̀gbọ́n á wọ inú ìwé orúkọ rẹ̀, ìwé ẹlẹ́yìn líle kan tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn. Á kọ orúkọ, á kọ ọjọ́ tó gbọ́ ọ àti ibi tó ti gbọ́ ọ. Èyí tó bá wù ú gidi, á ya ìràwọ̀ sí i. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, ọjọ́ Ẹtì yìí ló kù tó so wọ́n pọ̀.

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, Ìyá Olórúkọ bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà kò ké. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ ọmọ náà mọ́, pé bẹ́ẹ̀ ló sàn. Ẹni tó jókòó tì í ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin ní wọ́ọ̀dù ìbímọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun nìkan ló sọ orúkọ ọmọ náà fún, orúkọ tó ti ń pe ikùn rẹ̀ láti oṣù karùn-ún. Ẹ̀gbọ́n sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. "Mo ti gbọ́, àbúrò mi," ó wí. "Inú mi ló máa kú sí." Ní ọ́fíìsì, ẹni tó bá a di ipò rẹ̀ mú lọ́sẹ̀ yẹn mú bírò pupa, ó kọ "ọmọbìnrin", ó sì fa ìlà.

Ìwé kẹrìnlélógún jáde. Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ nínú báàgì páálí. Ìyá Olórúkọ ṣí i nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó ń ka á bó ṣe ń jẹun. Ní ojú ìwé kẹsàn-án, ọmọge kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹnìkan sì pe orúkọ rẹ̀.

Ó ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún un kà. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni, kò sí àní-àní. Ó ń ka ìwé náà lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní orí kẹta, ọmọge náà di ọmọ ogún ọdún. Ní orí keje, ọkùnrin onírọ́ kan ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ pe orúkọ náà nínú òkùnkùn. Ìyá Olórúkọ pa ìwé dé. Nígbà tó ṣíwọ́ iṣẹ́, ó fi ìbínú gbéra.

Lójú ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti ń wá bó ṣe máa dárí jì í. Ọdún márùn-ún kì í ṣe ọjọ́ márùn-ún. Àgbà ń gbàgbé, orúkọ sì pọ̀ nínú orí oǹkọ̀wé. Bó bá ṣáà ti lè sọ pé òun gbàgbé ni, ó parí.

"Àǹtí mi, níbo lẹ ti rí orúkọ ọmọge inú ìwé yìí?"

"Ah, o ti kà á! Inú ìwé orúkọ mi náà ni. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ní òun ò gbọ́ orúkọ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí."

"Ẹ jẹ́ n rí ìwé orúkọ yẹn."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ẹ̀gbọ́n yọ awò ojú rẹ̀.

Àbúrò dìde. Ó lọ síbi pẹpẹ ìwé fúnra rẹ̀, ó fà á yọ, ó ń ṣí i padà sẹ́yìn, ọdún kan, ọdún méjì, títí ó fi débẹ̀. Orúkọ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni. "Wọ́ọ̀dù ìbímọ, bẹ́ẹ̀dì kẹrin." Ìràwọ̀ méjì ló wà níwájú ẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Nígbà tí ọmú òun ń sun wàrà fún ọmọ tí kò sí, ẹ̀gbọ́n òun ti délé, ó ti nu ojú rẹ̀, ó ti mú bírò.

"Ọjọ́ yẹn lẹ kọ ọ́."

"Bí mo ṣe máa ń ṣe ni. Tí mi ò bá kọ ọ́, màá gbàgbé."

"Ẹ dẹ̀ ya ìràwọ̀ sí i."

"Ó dùn ni! Kí lo fẹ́ kí n sọ? Orúkọ tó kàn jókòó síbẹ̀, tẹ́nikẹ́ni ò jẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́ dèèyàn. Àwọn èèyàn ń sunkún nítorí ẹ̀ báyìí. Ó yẹ kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni."

"Ẹ yí i padà. Tí wọ́n bá fẹ́ tún un tẹ̀, ẹ fi orúkọ míì sí i. Mo bẹ̀ yín. Mo fẹ́ kí ẹ dá a padà fún mi."

"Wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kò ṣeé ṣe."

"Ọmọ mi ni, Àǹtí mi."

Ẹ̀gbọ́n wọ awò ojú rẹ̀ padà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti le. "Gbogbo orúkọ ọmọ ọlọ́mọ tó ò ń kó wá fún mi ní gbogbo Fúráìdè, ìyá wo lo tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, torí òótọ́ ni. Ó gbé ìwé orúkọ náà sórí tábìlì, ó mú báàgì rẹ̀.

"Ìwọ," ó wí. Láyé rẹ̀, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún."

Kò lọ síbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kíní, pé kó má bínú, ẹ̀ẹ̀kejì, pé orúkọ ti ń tán lọ́wọ́ òun.

Nígbà tó tó oṣù mẹ́wàá tí ìwé náà jáde, obìnrin kékeré kan wọ ọ́fíìsì pẹ̀lú ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lápá. Ó jókòó, ó ń mí hẹlẹ, inú rẹ̀ dùn.

"Obìnrin ni àbí ọkùnrin?"

"Obìnrin ni, mà."

"Orúkọ?"

Obìnrin náà pè é. Bírò dúró lórí ìwé.

"Níbo lẹ ti rí orúkọ yẹn?"

"Inú ìwé ìfẹ́ kan ni, mà," ó fi ẹ̀rín sí i. "Mo kà á nígbà tí oyún ò jẹ́ kí n sùn. Ọmọbìnrin yẹn jìyà gan-an, ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn ẹ̀ dùn. Mo ní tí mo bá fi lè bí obìnrin, tèmi náà á jẹ́ ẹ."

Ìyá Olórúkọ lè parọ́. Ó lè ní ìjọba kò gba orúkọ náà, obìnrin yìí ì bá sì gbà á gbọ́. Ó rò ó dáadáa. Ó wo ọmọ náà tó ń mu ìka ara rẹ̀, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó mú bírò búlúù, ó kọ ọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ ni ọwọ́ yẹn ti kọ, kò kọ ìyẹn rí.

"Ẹ jẹ́ n gbé e wò."

Ó gbà á. Ó tẹrí ba lé e, ó sì pe orúkọ náà síta, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń pe ikùn rẹ̀ nígbà kan. Ọmọ náà yọ ìka lẹ́nu. Ó yíjú, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Yéè, ẹ wò ó!" ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti mọ orúkọ ẹ̀!"

"Ó ti mọ̀ ọ́n," Ìyá Olórúkọ wí. Ó dá ọmọ padà fún un, ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé ọmọ náà, ó sì pe ẹni tó kàn.