Ilẹ̀kùn Tí Gwladys Kò Tì

Ní Kétu, ẹni tó bá wọ ilé onílé láìkágò, tọmọdé tàgbà ní í bú u. Gwladys mọ èyí láti kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe ojúlé ayélujára fún ẹgbẹ́ Màmá Ṣàkírátù, àwọn tó ń fi obìnrin tí ọkọ ń lù pamọ́, kò kọ́ ọ láti bi àlejò pé ta ni.

Gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ló ní dosíè tirẹ̀, ìwé ẹjọ́ rẹ̀ lórí ayélujára, wọn á sì fi àdírẹ́sì tí yóò fi ṣí i ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Nọ́ńbà ló kẹ́yìn àdírẹ́sì náà. Bí èèyàn bá yí nọ́ńbà yẹn padà, dosíè ẹlòmíràn á ṣí gbayawu. Gwladys mọ̀. Ó ní òun á tún un ṣe lẹ́yìn ọdún. Ta ni yóò ronú débẹ̀ ní Kétu níbí? Ẹ ò rí i bí, ó lọ sí Kútọ̀nú, ó dé, ará ilé di ará oko lójú rẹ̀!

Séidou, tó ń tún alùpùpù ṣe lójú ọ̀nà Nàìjíríà, kì í ṣe òmùgọ̀. Òun ló ṣẹ́ apá Falilatou ìyàwó rẹ̀, tí obìnrin náà fi sá kúrò nílé. Ó sì ti búra pé bí òun bá fojú kàn án, òun á pa á. Ẹgbẹ́ fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí i kó wá sọ tẹnu rẹ̀, nọ́ńbà méjìlélógójì ni dosíè tirẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé aya ní í kọ́kọ́ rojọ́ kí wọ́n tó pe ọkọ? Séidou pa èjì tó kẹ́yìn rẹ́, ó tẹ ọ̀kan, ó di mọ́kànlélógójì. Àwòrán Falilatou yọ sí i, àti ilé tó wà ní Kpankou, àti orúkọ àbúrò ìyá rẹ̀ tó gbà á sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Gwladys rí i nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀: fóònù tó ṣí dosíè ọkọ ló ṣí ti aya. Ó pe Falilatou títí, kò gbé e. Ó pe Màmá Ṣàkírátù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí Kpankou báyìí. Séidou ti mọ ibi tó wà."

"Ta ló sọ fún un?"

"Èmi ni, Màmá. Mi ò ti ilẹ̀kùn."

Lẹ́yìn alùpùpù, nínú eruku, Gwladys fi fóònù rẹ̀ ti gbogbo dosíè pa. Iṣẹ́ tó ti ń sún síwájú láti ọjọ́ yìí wá, wọn ò tíì kọjá oko àgbàdo kejì tó fi parí. Ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Èrò ti kún àgbàlá. Wọ́n ti fi aṣọ bo Falilatou látorí dé ẹsẹ̀. Ràhámọ̀tù, àbúrò ìyá rẹ̀, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sunkún mọ́.

Màmá Ṣàkírátù kúnlẹ̀ tì í. "Báwo ló ṣe wọlé? Ṣebí a ní ẹ má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni."

"Ó kágò," ni Ràhámọ̀tù wí. "Ó ní ẹ̀yin lẹ rán òun. Mi ò mọ ọkọ ọmọ náà lójú rí. Mo ní kó fi àmì hàn mí. Ó fi ìwé yín hàn mí lórí fóònù. Àwòrán ọmọ mi wà níbẹ̀, orúkọ tèmi náà, ó kà á fún mi. Mo ní kó máa wọlé bọ̀." Ó wo Gwladys. "Mo tilẹ̀ bu omi fún un mu."