Pańpẹ́ Kan fún Olè Mẹ́ta

Ọ̀gá Akínjídé ní òpè ní í dẹ pańpẹ́ mẹ́ta fún olè mẹ́ta. "Ìlà kan péré," ó na ìka sókè bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí ní kóòtù, "ìlà kan ni mo fi ń mú gbogbo wọn."

Ìdánwò ló ń sọ. Wọ́n ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tẹ káàdì onífọ́tò fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ l'Ábújá, ọ̀gá sì ti kọ ìlà kan ṣoṣo tí yóò yẹ iṣẹ́ náà wò: ṣé orúkọ tọ̀nà, àti ìlú, àti ọjọ́ ìbí? Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, kọ̀ǹpútà á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀, rárá.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní rárá.

Rárá ta ni? Hadassah ló kọ apá orúkọ, Saeed ló kọ ti ọjọ́ ìbí, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ ti ìlú. Àlàájì Jàbárù, alága ẹgbẹ́, sì ti kúrò nílé rẹ̀ ní Kuje, ó ń bọ̀ wá gba káàdì àkọ́kọ́. Akínjídé ò wádìí. Ojú Hadassah ló wò. Ó ní orúkọ ni, òun ti mọ̀ pé ẹni tó ń jẹ gúgúrú nídìí iṣẹ́ ló máa ba iṣẹ́ jẹ́. Kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí Àlàájì tó wọlé. Saeed ní "kai".

Hadassah dìde. Rárá kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun?

"Ọ̀gá, bí mo bá bi yín pé ṣé ẹ ti jẹun, ẹ ti wẹ̀, ẹ sì ti wọ ṣòkòtò, tí ẹ ní rárá, ibo ni kí n wò?"

Saeed sáré wúkọ́. Hadassah já kíbọ́ọ̀dù gbà, ó gé ìlà kan sí mẹ́ta, ó tẹ̀ ẹ́. Orúkọ: bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ ìbí: bẹ́ẹ̀ ni. Ìlú: rárá. Ogbomoso ni ẹgbẹ́ kọ sínú ìwé wọn. Ọ̀gá ti fi h há a láàárín, ó di Ogbomosho. Akínjídé, ọmọ bíbí ìlú ọ̀hún, fárígá pé bí bàbá òun ṣe kọ ọ́ títí tó fi kú nìyẹn. Hadassah ní kí bàbá máa sùn, kí ọmọ yọ h.

Ọ̀gá yọ ọ́, kò bẹ̀bẹ̀. Gbogbo rẹ̀ di bẹ́ẹ̀ ni. Hadassah gbá tábìlì: láti òní lọ, ohun kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kò sí àṣìṣe tó tún lè bọ́ mọ́ òun lójú.

Àlàájì dé. Wọ́n tẹ káàdì, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó tẹ́jú mọ́ ọn.

"Orúkọ mi rèé. Ìlú mi rèé. Ọjọ́ ìbí mi rèé." Ó wo fọ́tò. "Ìyàwó mi rèé."