Ìborí Lójú Ọ̀nà Abà Òkè

Wọ́n ní Bàbá Murzakan ti sọ̀rọ̀...

Ta ló gbọ́?

Ìyàwó Gegi ni, òun ló gbé omi ọbẹ̀ lọ fún un... Ó ní kí wọ́n máa lọ. Kí oòrùn tó kan Àpáta Pupa, kí wọ́n ti sọdá... Ṣé Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́? Òun ni. Ó tán nílẹ̀ nìyẹn.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ojúlé dé ojúlé ní abúlé wa ní Svaneti, ilẹ̀ olókè tí yìnyín máa ń bò, ní ìparí oṣù kẹta, nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Koríko màlúù ti tán nísàlẹ̀, èyí tó kù wà nínú abà òkè. Kí èèyàn tó dé ibẹ̀, ó di dandan kó sọdá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà lábẹ́ Àpáta Pupa, níbi tí yìnyín ti máa ń ya lulẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sọdá níbẹ̀ tí àgbà abúlé ò bá tíì fọhùn. Bàbá Murzakan ni àgbà abúlé. Òun ló bí bàbá mi.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tó fọhùn. Ìdí ààrò ni mo jókòó sí, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ìyàwó Gegi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ wà lára búrẹ́dì ẹlẹ́ran tó fi sínú iná nílé. Bàbá sọ ìdajì ọ̀rọ̀, ikọ́ gbé e. Kó tó rí èémí mí, obìnrin náà ti ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó ti sáré lọ. Èmi nìkan ló gbọ́ ìyókù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ahọ́n Bàbá wúwo, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi Jokia ń so okùn mọ́ ọkọ̀ igi tí akọ màlúù máa ń wọ́ lórí yìnyín. Abo màlúù rẹ̀ fẹ́ bímọ, èèpo ọ̀dùnkún nìkan ló sì ń rí jẹ láti ọjọ́ mélòó kan. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí èémí ẹran.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe gbogbo ohun tí Bàbá sọ nìyẹn."

"Gbogbo abúlé ló gbọ́ ọ, Lamara."

"Ìyàwó Gegi nìkan ló gbọ́ ọ. Òun ló sọ fún gbogbo abúlé."

"Kí ló wá kù?"

Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n Gegi ti dé, Bàbá Sorzan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì ń tẹ̀ lé e. Bí ọkùnrin bá ti pé mẹ́ta níbì kan, ohùn mi a sá lọ.

"Ẹ jẹ́ ká yára," Gegi ní. "Màlúù mi ti ń wo fìlà mi bí oúnjẹ."

"Màlúù tó bá jẹ fìlà yẹn," Bàbá Sorzan dáhùn, "ta ló máa mu wàrà rẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bọ́ sọ́nà. Mo gba ẹ̀yìnkùlé sáré kọjá wọn. Níbi ilé ìṣọ́ tó kẹ́yìn, níbi tí ọ̀nà ti jáde sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, mo tú ìborí mi, mo tẹ́ ẹ sórí yìnyín.

Nílẹ̀ wa, tí obìnrin bá tẹ́ ìborí rẹ̀ sáàárín àwọn tó ń jà, ọkùnrin kankan kì í dá a kọjá. Ìjà ni wọ́n fi ń là. N kò gbọ́ rí pé ẹnì kan tẹ́ ẹ síwájú màlúù.

Akọ màlúù iwájú fi imú kàn án, ó dúró.

"Ta ló ń bá ta jà níbí?" Gegi béèrè. "Jokia, ká aṣọ àbúrò rẹ nílẹ̀, kí òtútù má mú un lórí."

Jokia kò mira. Gegi gbé ẹsẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, ó sì dá a padà síbi tó wà.

"Mo rí ẹsẹ̀ rẹ lókè," Bàbá Sorzan ní. "Kí ló dé tí o ò gbé e kọjá?"

"Ọmọ yìí fẹ́ fi ebi pa ẹran wa ni."

Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ mi, ojú rẹ̀ pọ́n. "Tí abo màlúù yẹn bá kú," ó rọra sọ, "kí la ó máa mu? Kí ni Bàbá fúnra rẹ̀ máa mu?"

"Mo mọ̀."

Bàbá Sorzan fi ọwọ́ lé èjìká mi. "Ìyá kékeré, láti ìgbà tí o ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ, n kò tíì gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta lẹ́nu rẹ. Sọ ohun tí Bàbá sọ. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀."

Omi ṣì ń kán láti etí òrùlé ilé ìṣọ́ sí mi lọ́rùn, bó ṣe ń kán láti òru. Mo wo ilẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ níbi tí Bàbá ti bẹ̀rẹ̀.

"Ó ní, 'Kí oòrùn tó kan Àpáta Pupa, kí wọ́n ti sọdá.' Ikọ́ gbé e, ìyàwó yín sì jáde. Ó wá ní, 'Ìyẹn tí omi etí òrùlé bá dì mọ́jú. Tó bá ń kán títí di àárọ̀, abẹ́ yìnyín ti rọ̀ nìyẹn, kò ní dúró de oòrùn kankan. Kí ẹnikẹ́ni má lọ. Bí màlúù bá ń ké, kí wọ́n jẹ́ kó ké. Koríko ló wà nínú ibùsùn mi yìí. Kí Jokia tú u fún màlúù rẹ̀.'"