Igún Ọ̀gá Haskett

"Igún wo?" Wendell Prather béèrè. Búrẹ́dì tó fẹ́ gbé sẹ́nu dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Igún wa ni, àbí igún mélòó ló wà nínú iṣẹ́ náà?" Inés Barrientos ń rẹ́rìn-ín. "Èyí tó so aṣọ ìjẹun mọ́rùn, tó ń dúró kí kabọ́ì kú kó lè jẹ ẹ́. Ṣé o ti gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ ni? Èmi ni mo ya gbogbo èyí tó kù láàárín, mi ò fo ọ̀kankan. Lọ́sàn-án yìí ni wọ́n máa fi fíìmù náà han ọ̀gá."

Wendell gbé búrẹ́dì náà kalẹ̀. Kì í ṣe igún lásán ló yà. Ọ̀gá Haskett ló yà, ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́, tó sì ń fọwọ́ sí owó oṣù gbogbo wọn.

Ẹni tó bá ń fi ẹ̀fẹ̀ jẹun, ẹ̀fẹ̀ a máa gbọ̀n sí i lára. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ya káátúùnù nínú ilé pákó yẹn ní Hollywood: kabọ́ì já bọ́ láti orí òkè, ó dìde, ó gbọn eruku nù, àdó bú gbàmù lọ́wọ́ rẹ̀, fìlà rẹ̀ nìkan ló ń rú èéfín. Bó bá wá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn. Wendell fúnra rẹ̀ ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lókè ibi tí wọ́n ti ń po kọfí. Bébà iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń yà á sí. Wọ́n á kì í bọ àárín iṣẹ́ ẹlòmíràn, kó lè yọ sí i lójijì nígbà tó bá ń ṣí i. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á fà á ya.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan báyìí, ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ni Wendell ya ọ̀gá. Ó ya etí rẹ̀ tó wọ́ bọ̀ dé àgbọ̀n. Ó ya sìgá ńlá tí kì í tanná sí, tó máa ń rìn láti igun ẹnu kan dé èkejì. Ó ya bó ṣe máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì fa ṣòkòtò sókè, torí ọwọ́ ọ̀gá kì í kúrò nínú àpò, bí ẹni ń bẹ̀rù pé wọ́n lè tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òun. Ó gbé gbogbo rẹ̀ sórí pẹpẹ kí Dutch Lindqvist, olùdarí wọn, lè bá a níbẹ̀ kó sì rẹ́rìn-ín. Orí pẹpẹ yẹn náà ni iṣẹ́ tó bá parí máa ń wà. Kò tíì kúrò níbẹ̀ tí Rosalee ìyàwó rẹ̀ fi pè é lórí fóònù pé oyún ń ṣe òun bákan, ló bá sáré lọ sílé. Nígbà tó fi máa dé lọ́jọ́ Ajé, pẹpẹ ti ṣófo. Ó rò pé Dutch ti rẹ́rìn-ín, ó ti fà á ya. Wọ́n gbé iṣẹ́ míì fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì béèrè mọ́.

Inés ló kó o, ó rò pé iṣẹ́ gidi ni. Opó ni, kò tíì pẹ́ tí wọ́n mú un kúrò ní ilé àwọn tó ń kun ọ̀dà sí àwòrán ní òdìkejì títì, níbi tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá gbé fún ọ lo máa tẹ̀lé, tí ẹnikẹ́ni kì í bá ọ ṣàwàdà. Bí Wendell bá ya apá igún sókè, tó tún yà á sílẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ya èyí tó wà láàárín. Ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

"Ìyáàfin Barrientos, ṣé ẹ ti rí Ọ̀gá Haskett rí?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Ṣé ó máa ń sọdá títì ni?" Ó wo ojú Wendell dáadáa. "Kí ló dé? Ṣé mo bà á jẹ́ ni?"

"Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́, mà," Wendell dá a lóhùn, ó sì dìde.

Ó bá Dutch nínú yàrá rẹ̀ níbi tó ti ń jẹ oògùn inú rírun bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

"Mo ti mọ ohun tó gbé ọ wá," ni Dutch wí. "Ọjọ́rú ni èmi náà rí i."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ọ kí o lè ṣe kí ni? Wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti yà á sórí fíìmù, wọ́n ti lu orin sí i. Bí mo bá gé e kúrò, fèrè á máa dún níbi tí kabọ́ì ti ń sùn. Wendell, kí ló ń ṣe ọ́ ná? Nínú gbogbo ẹyẹ tó wà láyé, igún!"

"Ó jọ ọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé ó jọ ọ́! Ojú mi méjèèjì ló wà níbẹ̀!" Dutch ju oògùn míì sẹ́nu, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́. Mo ti rò ó. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀, á wò ó dáadáa. Bí wọn ò bá rẹ́rìn-ín, á kàn kọjá lọ. Mo ti sọ fún gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n. Bí igún bá ti yọ, kí kálukú gé ètè jẹ."

Wendell padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Odindi ọdún kan ló fi jókòó sílé láìníṣẹ́ kí wọ́n tó gbà á síbí. Rosalee ń ránṣọ fún àwọn ará àdúgbò kí wọ́n lè rí owó ilé san. Ohun kan ṣoṣo tó sọ fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ síbi iṣẹ́ ni pé, "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ kó bá wa níbẹ̀ o."

Nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo wọn kó sínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń wo fíìmù. Ọ̀gá Haskett jókòó síwájú, ọwọ́ ńbẹ lápò, sìgá ńbẹ lẹ́nu. Inés jókòó sẹ́yìn, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Kabọ́ì fẹ́ gun ẹṣin, ẹṣin sún díẹ̀, kabọ́ì jókòó sórí ẹ̀gún. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òkúta wó lé e lórí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá dé aṣálẹ̀, ó ń rákò, ahọ́n rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ẹṣin rẹ̀ ní tirẹ̀ jókòó sábẹ́ agboòrùn, ó ń mu omi ọsàn.

Igún bà.

Ó fi ìgbọ̀nwọ́ fa ìyẹ́ ìdí rẹ̀ sókè bíi ṣòkòtò. Sìgá rìn láti igun ẹnu kan dé èkejì. Ó wọ́n iyọ̀ sí kabọ́ì lára, ó wọ́n ata sí i. Kabọ́ì sín, gbogbo ìyẹ́ ara igún fò lọ, ó ku òun àti pátá, síbẹ̀ ó tún fi ìgbọ̀nwọ́ fa pátá náà sókè. Kò sẹ́ni tó mí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Fíìmù parí, wọ́n tanná. Ọ̀gá Haskett yíjú padà.

"Kí ló ṣe ẹyẹ yẹn?"

"Kò sí ohun tó ṣe é, sà," ni Dutch wí. "Ẹyẹ lásán ni."

"Ẹ rẹ́rìn-ín sí ẹṣin. Ẹ rẹ́rìn-ín sí òkúta. Ẹyẹ dé, ibí pa rọ́rọ́ bí ilé òkú. Ẹyẹ tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, ṣé èmi ni mo sanwó rẹ̀? Ta ló yà á?"

Dutch ń wo bàtà rẹ̀. Kí Wendell tó la ẹnu, Inés ti dìde lẹ́yìn.

"Èmi ni, sà." Kò dárúkọ ẹlòmíràn.

"Obìnrin tí ẹ mú wá láti òdìkejì títì nìyẹn, àbí? Mo wí fún yín. Ẹ gé ẹyẹ náà kúrò. Ìwọ, máa lọ sílé."

Inés ò tíì mọ ohun tó ṣe. Ó kàn ń wá báàgì rẹ̀ nílẹ̀ láìríran, omi ti bò ó lójú. Wendell ronú kan Rosalee, ó ronú kan oyún inú rẹ̀. Síbẹ̀ náà, ó dìde.

"A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má rẹ́rìn-ín ni, sà."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin ni igún náà, sà. Èmi ni mo yà yín. Ìyáàfin yìí ò rí yín rí àyàfi lónìí, ohun tí mo yà ló kàn tẹ̀lé."

Dutch pa ojú dé. Ọ̀gá Haskett wo Wendell láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹ tún fi í hàn mí."

Wọ́n paná. Igún tún bà. Nínú ìmọ́lẹ̀ fíìmù, gbogbo wọn rí òjìji ọwọ́ kan tó jáde nínú àpò díẹ̀díẹ̀, tó lọ kan etí ọ̀gá. Sìgá dúró lẹ́nu ọ̀gá, kò rìn mọ́. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sún mọ́ ṣòkòtò, ló bá rántí, ó dá a dúró lágbedeméjì.

Inés ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹyẹ, ó wo ènìyàn, ẹ̀rín sì bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu kó tó rí i dì mú. Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń gbá itan, wọ́n ń sunkún, Dutch fi orí pamọ́ sáàárín orúnkún. Wendell kò bá wọn rín in.

Ọ̀gá Haskett dúró títí ẹ̀rín fi tán. Kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Ẹ má gé e," ó wí. "Ìyáàfin, jókòó." Ó wá na sìgá sí Wendell. "Ẹyẹ yẹn ò níí lọ. Ìwọ ni wàá lọ."

Àwọn àgbà ní gúnnugún kì í kú léwe. Tiwọn náà kò kú.

Wendell bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n kan fóònù mọ́ ògiri sí. Ó ju owó fóònù sínú ihò rẹ̀, ó pe ilé.

"Rosalee, wọ́n ti lé mi."

Ó gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. "Ọwọ́ rẹ yẹn náà ni?"

"Ọwọ́ mi náà ni. Ẹlòmíràn ni wọn ì bá lé nítorí rẹ̀."

Ẹ̀rọ ìránṣọ tí Rosalee ń tẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ dúró. Ẹ̀rù ba Wendell ju ti inú yàrá yẹn lọ.

"Ṣé ó tiẹ̀ pa wọ́n lẹ́rìn-ín?" ni Rosalee béèrè níkẹyìn.

Lẹ́yìn ògiri, ẹnì kan ti tún fíìmù bẹ̀rẹ̀. Wendell mọ ibi tí wọ́n dé láti inú orin: iyọ̀ nìyẹn, ata nìyẹn. Ó na fóònù náà mọ́ ara ògiri kí Rosalee náà lè gbọ́ ẹ̀rín wọn.