Ọjọ́ tí Wọ́n Na Ọwọ́ sí Salimat

"Ẹ na ọwọ́ yín sí i. Gbogbo yín. Ẹ̀yin SS1 tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, mò ń rí yín o."

Ọwọ́ gbogbo ilé-ìwé nà sí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó dúró níwájú wọn. Ìyáàfin Abórìṣàdé, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, dijú, ó sì gbóhùn sókè. Ó ní kí Ọlọ́run lé ẹ̀mí ìbànújẹ́ jìnnà sí Salimat Rùfáì, kó má ṣe jẹ́ kó ronú ikú mọ́. Bó ṣe dárúkọ ikú báyìí, àmín já mọ́ àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà lẹ́nu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ara Ọládùnní Ọláyanjú bu máṣọ. Òun ni olùkọ́ tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, òun nìkan sì ni Salimat sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún lọ́sàn-án àná. Ọmọ náà ní ìdánwò àṣejáde tó ń bọ̀ kò jẹ́ kí òun rí oorun sùn mọ́, pé nígbà mìíràn ó máa ń wu òun kí òun sùn kí òun má jí. Ọládùnní bi í ní tààrà bóyá ó ń gbèrò láti pa ara rẹ̀. Ó ní rárá, pé ó kàn rẹ òun ni.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró sọ́dọ̀ olùkọ́ kan ṣoṣo. Bí ọmọ náà ṣe jáde, Ọládùnní lọ bá Ìyáàfin Abórìṣàdé kí wọ́n lè jọ ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, ìyẹn sì ní kó di ọjọ́ kejì. Ohun tó gbàgbé ni ìṣe ilé-ìwé náà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú, wọ́n na ọwọ́ sí i lórí ìlà. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, wọ́n na ọwọ́ sí i. Ìfẹ́ ni wọ́n ń pè é, ìfẹ́ náà sì ni, àfi pé ìfẹ́ ọ̀hún kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Salimat kò sunkún. Nígbà tí àdúrà parí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ tó gbọ́. Ó padà sórí ìlà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ ní kíláàsì, àga rẹ̀ ti ṣófo.

"Ó lè wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀," Ìyáàfin Abórìṣàdé wí.

"Mo ti wò ó, mà."

"Fọkàn balẹ̀, Ọládùnní. Àdúrà kì í pa èèyàn."

"Kì í ṣe àdúrà ni mò ń wí, mà. Gbogbo skúùlù ló ti mọ̀."

"Ṣé kí wọ́n má mọ̀ ni? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Òun ò dákẹ́, mà. Ó sọ tiẹ̀. Àwa ló yẹ ká dákẹ́."

Èèyàn dáadáa ni Ìyáàfin Abórìṣàdé. Ó ti fi owó ara rẹ̀ ra ìwé fún ọ̀pọ̀ ọmọ níbẹ̀. Ó mú fóònù rẹ̀. "Máa wá a lọ," ó wí. "Èmi á pe ìyá ẹ̀."

Moyọ̀sọ́lá, ọ̀rẹ́ Salimat tí wọ́n jọ ń jókòó, kò kọ́kọ́ fẹ́ lanu.

"Mà, tí mo bá sọ ibi tó wà, ṣé ẹ ò ní lọ sọ ọ́ ní assembly?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọládùnní lọ́kàn. Ó fẹ́ sọ pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì rántí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lòun ṣe sọ fún Salimat lánàá.

"Mi ò lè ṣe irú ìlérí yẹn fún ẹ. Tó bá jẹ́ ohun tó lè ṣe é ní jàǹbá, mo máa sọ. Ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún."

Moyọ̀sọ́lá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mọ́ṣáláṣí tó ti kọ́ kéú ní kékeré ni, ní Ṣógúnlé. Ó máa ń lọ síbẹ̀ tí inú ẹ̀ ò bá dùn."

Ọládùnní wọ kẹ̀kẹ́ dé Òṣòdì. Nígbà tó rí àwọn èèyàn tó pé jọ sẹ́bàá títì márosẹ̀, ó rò pé Salimat ni ọkọ̀ gbá, ó bọ́ sílẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ tó dúró dáadáa. Táyà ọkọ̀ kan ló bẹ́. Ó yára lọ wọ kẹ̀kẹ́ mìíràn.

Ìyàwó ààfáà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí Ọládùnní parí ọ̀rọ̀.

"Ó wà nínú mọ́ṣáláṣí. Mo fún un lóúnjẹ, kò jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ bo orí yín kẹ́ ẹ tó wọlé, àǹtí."

Ọládùnní kò mú ìborùn dání. Ó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó dà á borí, ó so apá rẹ̀ méjèèjì pọ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, ó sì bọ́ bàtà. Salimat wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé níbi tí àwọn obìnrin ti ń kírun, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, báàgì ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ orí rẹ̀. Bí Ọládùnní ṣe rí i tó ń mí, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé ẹ tún kó wọn wá ni?" Salimat béèrè.

"Èmi nìkan ni."

"Ẹ ní ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí n sọ ọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo ju ohun tí èmi àti ìwọ nìkan lè gbé. Ibi tí mo ti ṣẹ̀ ẹ́ ni pé ẹ̀yìn ẹ ni mo ti sọ ọ́. Má bínú, Salimat."

Ọmọ náà gbójú sókè. Kò tíì sí olùkọ́ tó bẹ̀ ẹ́ rí.

"Mo fẹ́ tún bi ẹ́ ní ìbéèrè àná. Látàárọ̀, ṣé ó ti wá sí ẹ lọ́kàn láti pa ara ẹ?"

Salimat dìde jókòó. "Ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo fẹ́ sọdá ní Òṣòdì. Ẹ̀rù bà mí, mo sá kúrò níbẹ̀."

Ọládùnní rọra sún mọ́ ọn. "O ṣeun tó o sá. O ṣeun tó o sọ fún mi. Dókítà kan wà tó ń tọ́jú irú nǹkan báyìí, a máa lọ rí i lónìí. Màmá ẹ náà sì gbọ́dọ̀ gbọ́."

"Wọ́n á ní kí ni àwọn fi dù mí. Wọ́n á tún gbé mi lọ síbi àdúrà."

Fóònù dún. Ìyáàfin Abórìṣàdé ni.

"Mo ti rí i, mà. Kò fara pa."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Níbo lẹ wà? Ìyá ẹ̀ ló ń sunkún níwájú mi yìí. A ti ń bọ̀, gbogbo wa."

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí n bi í."

"Kó o bi ta? Ọmọ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù. "Màmá ẹ wà ní skúùlù, wọ́n ń sunkún. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ibi tó o wà. Báwo lo ṣe fẹ́ kí n sọ ọ́?"

Salimat fi etí híjáàbù rẹ̀ nu imú. Ó ronú, bí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ ní mi ò ṣe nǹkan burúkú kankan. Ẹ ní kí màmá mi máa bọ̀. Àwọn nìkan."

Ọládùnní gbé fóònù padà sétí, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.