Ìkìlọ̀ Ara Ògiri Alága

Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gogoro tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀ wọ ẹ́sítéètì kan ní Ajah, Ọládipúpọ̀, alága ẹ́sítéètì náà, rò pé kànga ni wọ́n fẹ́ gbẹ́. Ó ní kí wọ́n fa páìpù kan dé ilé òun. Dókítà Ràhmát, onímọ̀ nípa àpáta, ní kì í ṣe omi làwọn ń wá.

"Fíìmù ẹ̀kọ́ ni, Bàbá, fún àwọn ọmọ iléèwé. Àwòrán ìsàlẹ̀ ilẹ̀ fi ohun kan tó jọ ibi tí àpáta ti là, tí òyìnbó ń pè ní 'fọ́ọ̀tì', hàn wá níbí. Irú ibẹ̀ ni ìmìtìtì ilẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. A fẹ́ lu ilẹ̀ ká lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni."

Alága fẹ́ ta ilé rẹ̀. Hakeem, ọ̀gá kan ní Lẹ́kkí Free Zone, ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá fẹnu ọ̀rọ̀ jóná.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè sún lílà yẹn sí òdìkejì gọ́tà? Àwọn ará ibẹ̀ ló ń da ìdọ̀tí sí wa."

"Bàbá, èmi kọ́ ni mo là á."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ya máàpù."

Clement tó ń ya fíìmù rẹ́rìn-ín títí kámẹ́rà fi ń gbọ̀n.

"Clement, dúró jẹ́ẹ́," Ràhmát wí. "A ò tíì rí ìmìtìtì kankan."

Ìgbìmọ̀ ẹ́sítéètì fi odindi ọjọ́ kan ṣèpàdé. Lọ́yà àárín wọn gbọ́ pé "fọ́ọ̀tì" ni wọ́n ń wá, ó ní kí wọ́n tètè kọ̀wé pé ẹ́sítéètì kò jẹ̀bi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Alága kò dúró de ìwé. Ó pe akunlé, ó ní kó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ilé òun: ÌMÌTÌTÌ ILẸ̀ KÒ SÍ NÍBÍ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN GBÁJÚẸ̀.

Fèyíkẹ́, ìyàwó rẹ̀, kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá Tolúwani, ta ló bi yín léèrè?"

"Ẹni tó bá fẹ́ bi mí, kó ti rí èsì."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n fa páìpù tó kẹ́yìn yọ nínú ilẹ̀. Ràhmát yẹ àpáta tó wà nínú rẹ̀ wò, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó ní kò sí ohun tó là níbẹ̀. Alága fò sókè. Ó pe Hakeem.

"Mo ti dé, Bàbá," Hakeem wí. "Mo ka ara ògiri yín, mo sì ti yí mọ́tò padà. Gbogbo ilé tí mo ti wò, kò sí èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní mì."

Alága ti fóònù sí Ràhmát lọ́wọ́. "Ẹ sọ fún un! Ẹ̀yin ni dókítà!"

Ràhmát ṣàlàyé. Hakeem gbọ́ ọ délẹ̀.

"Ẹ ṣé, Dókítà. Ṣùgbọ́n ṣé ìdí gidi wà tẹ́ ẹ fi wá lu ibẹ̀?"

Ràhmát wo ojú alága. Kì í purọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìdí wà."

"Ó dàbọ̀ o," Hakeem wí. "Mo ti ń lọ wo ilé míì ní Igbó Ẹfọ̀n."